"Unlimited" Tí Wọ́n Ń Ka Ẹran Inú Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Èmi ni mo ṣe wẹ́búsáìtì fún un, èmi náà ni mo lọ ra hosting, ìyẹn àyè tí wẹ́búsáìtì ń gbé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n kọ "Unlimited" gàdàgbà sí lára. Àyè aláìlópin, ímeèlì aláìlópin, owó pọ́ọ́kú. Mi ò ní dárúkọ wọn.

Kí n má purọ́, oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Sáìtì ń yára ṣí, àwọn ọmọ inú ṣáàtì wọn sì mọ èèyàn bọ̀wọ̀ fún.

Ó wá ku ọjọ́ mẹ́ta sí Iléyá, ìgbà tí ọjà máa ń yá jù. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí: "Àwọn oníbàárà ní àwọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀ o. Kí lo fọwọ́ kàn?" Mo ṣí i, mo bá "508 Resource Limit Is Reached." Ẹni tí sáìtì rẹ̀ bá wà lórí CloudLinux, ètò tí àwọn oníhosting fi ń wọ̀n agbára ẹ̀rọ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, á mọ ojú ewé yìí: iṣẹ́ tí sáìtì rẹ ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà ti kọjá èyí tí wọ́n wọ̀n fún ọ. Ogún ni wọ́n wọ̀n fún wa.

Mo wọ ṣáàtì. "Ẹ má bínú sà. Iye fáìlì yín náà ti fẹ́ kún, 250,000 ni òpin. Ẹ lè gòkè sí Unlimited tó tóbi jù." Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Àyè tá a lò ò sì tó 10 GB! Ìgbà tí mo tú u wò ló yé mi. Àwòrán aṣọ kan ṣoṣo tá a bá gbé sókè, WordPress tá a fi ṣe sáìtì náà á gé e sí oríṣiríṣi ìwọ̀n, WooCommerce tá a fi ń tajà lórí rẹ̀ á gé tirẹ̀ kún un, ẹyọ kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ di mẹ́wàá. Ímeèlì ńkọ́? Lẹ́tà kan, fáìlì kan, títí kan pàǹtí àwọn gbájúẹ̀. Odindi òru kan ni mo fi pa wọ́n rẹ́.

Mi ò sọ pé kéèyàn ta àyè ju èyí tó ní lọ jẹ́ olè. Ẹni tó bá ti ṣe ìnáwó rí mọ̀ ọ́n: o pín káàdì fún 500, o se oúnjẹ 400, torí gbogbo wọn kọ́ ló máa wá. Ọ̀pọ̀ sáìtì ni ẹnikẹ́ni kì í yà sí. Bí wọn ò bá tà á bẹ́ẹ̀, owó hosting ò ní ṣeé gbọ́. Ẹni tó gbé máíkì tó ní "ẹ jẹ títí ẹ ó fi yó," tó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń ka ẹran inú àwo rẹ, òun lèmi ń bá jà. Mo wá òpin yẹn nínú àdéhùn wọn. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ "fair use," ìyẹn ìlò tó mọ níwọ̀n. Wọ́n sì mọ ìṣírò o: láti 2019 ni cPanel, sọ́fítíwíà tí àwọn oníhosting fi ń bójú tó àkáǹtì oníbàárà, ti ń fi iye àkáǹtì díye lé tiwọn. Kò ta unlimited fún wọn.

A ti kó kúrò. Ibi tá a wà báyìí wọ́n jù, ṣùgbọ́n wọ́n kọ 15 GB àti iye fáìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún àwọn ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ inú ṣáàtì ló ni méjèèjì.