Spruce inú ìkòkò tàbí Norfolk Island pine: èwo ni kí ẹ rà fún inú ilé?

Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, àwọn ilé ìtajà ní Britain á bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn igi Kérésìmesì kéékèèké tí ó wà nínú ìkòkò sí ẹnu ọ̀nà wọn, ojú ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé fúláàtì á sì wọ̀ wọ́n, nítorí pé igi tí ó ní gbòǹgbò dà bí ohun tí a kò ní gbé jù nù ní oṣù Kìíní. Méjì ni mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín. Èkíní ni spruce, pàápàá Norway spruce, irú igi tí ìlú Oslo fi ń ta àwọn ará London lọ́rẹ lọ́dọọdún láti 1947, èyí tí wọ́n ń gbé nà ró ní Trafalgar Square, àti ẹbí rẹ̀ kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Conica, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Alberta ní Kánádà ní 1904. Èkejì ni Norfolk Island pine, tí ó ti erékùṣù Norfolk wá, nínú òkun tí ó wà láàárín Australia àti New Zealand. Orúkọ kan náà ni àwọn olùtajà sábà máa ń fún méjèèjì, wọn a sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹni pé ìtọ́jú kan náà ni wọ́n ń fẹ́. Mo ti fi owó ra méjèèjì, ọ̀kan nínú wọn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀ mi.

Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ra spruce mọ̀ kí ó tó mú owó jáde ni pé igi ilẹ̀ òtútù ni. Kí ìgbà òtútù tó wọlé ni ó ti máa ń pa ojú ọ̀mùnú rẹ̀ dé, tí yóò sì dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nínú òtútù gidi kí ó tó lè tún rúwé dáadáa. Bí a bá gbé e sínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlémóoru ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ooru yóò tàn án jẹ pé ìgbà òtútù ti kọjá, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ̀mùnú tuntun. Bí ẹ bá wá gbé e síta ní oṣù Kìíní, òtútù yóò pa àwọn ọ̀mùnú náà. Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ nínú ilé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yóò máa fa omi ara rẹ̀ títí tí ewé rẹ̀ tí ó rí bí abẹ́rẹ́ yóò fi máa já bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ fi jẹ́ pé kí spruce má ṣe lò ju nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 12 lọ nínú ilé. Àlejò ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ wa, kò sì sí ìtọ́jú tí yóò sọ ọ́ di onílé. Norfolk Island pine kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ilẹ̀ tí omi kì í ti í dì ni ó ti wá, inú ilé ni ó sì lè wà láti ọdún dé ọdún, ìta ní oṣù Kìíní ni yóò pa á.

Ọ̀rọ̀ gbòǹgbò ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí ibẹ̀ ni owó tèmi gbà lọ. Oríṣi spruce inú ìkòkò méjì ni ó wà lọ́jà. Inú ìkòkò ni oríṣi kan ti dàgbà láti kékeré, gbogbo gbòǹgbò tí ó ní ni ó sì wà níbẹ̀. Inú oko ni èkejì ti dàgbà. Nígbà tí ọdún bá kù díẹ̀, wọn á wú u, wọn á gé gbòǹgbò rẹ̀ kí ó lè wọnú ìkòkò, wọn á sì fi ilẹ̀ dí i yípo. Lójú ẹni tí ń rajà, kò sí ìyàtọ̀, nítorí pé ikú igi báyìí kì í tètè hàn. Ewé rẹ̀ lè tutù yọ̀yọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí gbòǹgbò kò ti lè bọ́ ọ mọ́. Ẹni tí ó ta tèmi fún mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé inú ìkòkò ni ó ti dàgbà. Mo bomi rin ín bí ó ti wí, mo gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ amúlémóoru, mo sì gbé e síta ní kété tí ọdún parí, síbẹ̀ kí oṣù Kẹrin tó dé, ó ti pọ́n láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà tí mo fà á yọ, gbogbo ilẹ̀ ìkòkò náà dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kùkùté gbòǹgbò tí wọ́n fi ṣọ́bìrì gé sì ni mo rí. Olùtajà ní òun kì í gba igi padà.

Nítorí náà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ìkòkò kí ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n kọ “pot grown” sí ni ó ti inú ìkòkò dàgbà. Èyí tí wọ́n kọ “potted” tàbí “containerised” sí, inú oko ni wọ́n ti sábà máa ń wú u. Bí kò bá sí ìwé kankan lára rẹ̀, ẹ di ìdí igi náà mú níbi tí ó ti kan ilẹ̀, kí ẹ sì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀: bí ìkòkò bá tẹ̀ lé e tí ilẹ̀ kò sì mì, ó dára, bí igi bá ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú ilẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún wo ihò tí ó wà nísàlẹ̀ ìkòkò bóyá gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ń yọjú. Olùtajà tí kò bá jẹ́ kí ẹ yẹ ọjà rẹ̀ wò ti dá yín lóhùn náà nìyẹn. Ní ti Conica, ewu yìí kéré, nítorí pé kì í sáré dàgbà, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 lọ́dún, ó sì rọrùn láti tọ́ ọ dàgbà nínú ìkòkò.

Norfolk Island pine náà ní ọgbọ́n tí wọ́n ń ta sí i. Wọ́n lè kó igi wẹ́wẹ́ bíi mélòó kan sínú ìkòkò kan kí ó lè dí dáadáa lójú, bí wọ́n bá sì dàgbà, wọn á máa fún ara wọn lọ́rùn. Ẹ ka iye ìdí igi tí ó wà níbẹ̀. Wọ́n tún máa ń fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé tàbí ohun dídán kun ewé rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé ara ewé bí ó ti yẹ. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó bá sì ti gbẹ kò ní hù mọ́ láéláé.

Ní ti omi, spruce kò fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, kò sì fẹ́ kí omi dúró sí ìdí rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òjò nìkan kì í tó o níta, torí ẹ̀ka rẹ̀ máa ń da omi kọjá ẹnu ìkòkò, nígbà tí oòrùn bá sì mú, ó lè gba pé kí ẹ bomi rin ín lójoojúmọ́. Norfolk ń fẹ́ kí òkè ilẹ̀ kọ́kọ́ gbẹ díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀: ẹ̀bá fèrèsé tí ó mọ́lẹ̀ ni kí Norfolk wà, kí ẹ sì máa yí i padà kí ó má bàa tẹ̀ sí apá kan. Kòkòrò pupa tíntín tí ń ta òwú bí aláǹtakùn fẹ́ràn Conica nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ẹ má ṣe gé orí Norfolk. Ẹ̀ka spruce lè gbé ohun ọ̀ṣọ́ tí ó wúwo díẹ̀, ti Norfolk yóò tẹ̀ wálẹ̀. Ní ti òórùn dídùn, spruce ló borí, n kò sì ní jiyàn.

Ẹni tí ó bá ní àgbàlá tí oòrùn kì í pa jù, tí ó lè pààrọ̀ ìkòkò bí igi bá ti ń dàgbà, tí ó sì ní ẹni tí yóò máa bomi rin ín nígbà tí òun bá lọ sí Nàìjíríà fún ìsinmi oṣù Kẹjọ, spruce tí ó ti inú ìkòkò dàgbà yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì lè tún un gbé wọlé lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹni tí kò bá ní ìta kankan, kí ó ra Norfolk Island pine. Àwọn tí wọ́n ní àgbàlá ṣùgbọ́n tí wọn kò fẹ́ wàhálà náà lè rà á. Bí ẹ bá rà á, ẹ ní kí wọ́n fi bébà wé e dáadáa kí ẹ tó gbé e jáde nínú ilé ìtajà, kí ẹ sì gbé e lọ tààrà sílé, nítorí pé alẹ́ kan nínú búùtù ọkọ̀ ní oṣù Kejìlá lè bà á jẹ́.