«Ẹ wí tẹ̀lé mi» àbí méjì-méjì?

Ní kíláàsì ọmọ 60 ní Ìlọrin, bí kálukú bá fẹ́ dá sọ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ìṣẹ́jú 40, ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ló kan ẹnì kan. Ìdí nìyẹn táwọn tíṣà fi fẹ́ràn «ẹ wí tẹ̀lé mi». Ó dáa fún ohùn o: Yorùbá ò ní «z» àti «v», «zoo» á di «soo», «van» á di «fan», bí gbogbo wọn bá jọ pè é, ojú ò ní ti ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bí ayékòótọ́ ló ń rí.

Méjì-méjì lèmi fara mọ́, kí ọmọ méjì máa bá ara wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń ṣeré. Ọ̀kan ń ta wàrà ní Ọjà Ọba, èkejì ń ná an: «How much?» «Two hundred.» «Ah! Too much!» Ariwo á pọ̀, Yorùbá á sì máa yọ́ wọlé, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ẹnu ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.