Owó àjọ aláàánú àbí owó alájẹṣẹ́kù: èwo ni ká fi kọ́ ààrò ìyanja?

Àwọn ìyá tó ń yan ẹja l'Ẹ́pẹ́ máa ń bi mí: ṣé ká kọ̀wé sí àjọ aláàánú ni, àbí ká yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù?

Owó àjọ aláàánú kò ní èlé, a kì í sì í dá a padà. Àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dá ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, lóhùn. CAMA, òfin ìforúkọsílẹ̀ náà ti ọdún 2020, sì ní ká polongo orúkọ nínú ìwé ìròyìn méjì, ká dúró fún ọjọ́ 28 bóyá ẹnì kan yóò takò ó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fẹ́ rí ìṣirò: ìdì igi mélòó lọ́sẹ̀, ẹja agbọ̀n mélòó, èrè mélòó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí, torí orí ni wọ́n fi ń ṣírò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ṣì lè kọ̀ yín o.

Ti alájẹṣẹ́kù yá, ṣùgbọ́n èlé wà níbẹ̀, bí ọjà bá sì kùtà, ọrùn onídùúró ni gbèsè náà ń bọ́ sí.

Bó bá jẹ́ ààrò kan péré, tí àwọn oníbàárà ọjà Olúwo sì ń retí ẹja yín, ẹ yá ti alájẹṣẹ́kù. Bó bá jẹ́ ilé ìyanja tí gbogbo àdúgbò á jọ máa lò, tí ẹ sì lè dúró di ọdún tó ń bọ̀, ẹ kọ̀wé sí àjọ.