Ẹ̀kọ́ àfetígbọ́ lórí àdéhùn àwùjọ: Hobbes dùn, Locke kù díẹ̀ káàtó

Iṣẹ́ mi ni kíkọ ìwé àdéhùn fún àwọn tó ń ra ilẹ̀ àti àwọn tó ń háyà ilé. Nígbà tí mo wá rí ẹ̀kọ́ kan tó dá lórí àdéhùn tí wọ́n ní ó wà láàárín ará ìlú àti ìjọba, kíá ni mo sanwó. Mo fẹ́ mọ ẹni tó fọwọ́ sí i àti ẹni tó ṣe ẹlẹ́rìí.

Apá ti Thomas Hobbes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dùn jù. Olùkọ́ náà kò kánjú rárá. Ó ti ibi ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1642 bẹ̀rẹ̀, ó sọ bí Hobbes ṣe ti sá lọ sí Paris ṣáájú, àti bí wọ́n ṣe bẹ́ orí ọba Charles Kìíní ní 1649, kó tó dé orí ìwé Leviathan tó jáde ní 1651. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn tán á mọ ìdí tí ẹ̀rù fi pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí. Níbi tí kò bá ti sí aláṣẹ, kálukú ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun gbogbo, kò sì sẹ́ni tó lè sùn kó di ojú méjèèjì. Àwọn èèyàn bá kó ẹ̀tọ́ wọn lé aláṣẹ lọ́wọ́ kó lè dáàbò bò wọ́n. Olùkọ́ náà jẹ́ kó yé wa pé àárín ara wọn ni wọ́n ti ṣe àdéhùn ọ̀hún. Aláṣẹ kò bá wọn dá májẹ̀mú kankan. Bí oníbàárà mi bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá, màá ní kó má tíì tọwọ́ bọ̀ ọ́!

Ọ̀dọ̀ John Locke, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì míì, ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ pé, lójú tirẹ̀, ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí, òmìnira àti ohun ìní ti wà kí ìjọba tó dé, àti pé ará ìlú lè yọ ìjọba tó bá tẹ ẹ̀tọ́ wọ̀nyí lójú. Àmọ́ Locke tún ní ẹni tó kàn ń rin ojú títì ìlú kan ti gbà láìsọ̀rọ̀ pé kí ìjọba ibẹ̀ máa ṣàkóso òun, olùkọ́ sì fò ó kọjá wéré. Ibẹ̀ gan-an nìjà wà! David Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Scotland, ti fèsì sí irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1748: ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹni tó ń sùn wọ ọkọ̀ òkun, tí wọ́n wá ní ó ti gbà láti wà lábẹ́ àṣẹ ọ̀gá ọkọ̀ nítorí pé kò bẹ́ sómi. Wọn ò dárúkọ Hume rárá. Wọn ò sì sọ pé Locke ra ìpín nínú Royal African Company, iléeṣẹ́ tó ń ṣòwò ẹrú. Ẹni tí àdéhùn yọ sílẹ̀ ńkọ́?

Apá ti Rousseau, onímọ̀ ọgbọ́n orí tóun náà kọ̀wé lórí àdéhùn àwùjọ, kúrú, orin tó wà láàárín rẹ̀ sì ń dinni létí. Ẹ lè fò ó.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń tà á pé kí wọ́n fi Hume kún un, wọ́n ní apá kejì ń bọ̀.