Ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Lágere tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò

Aránṣọ ni mí ní Ìrèmọ, Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ méje ló wà lọ́dọ̀ mi, gbogbo wọn ti lé lọ́mọ ọdún 18, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ní káàdì ìdìbò. Ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí wà ní Lágere, wọ́n ń tẹ̀wé níbẹ̀, wọ́n sì ń bá èèyàn bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ INEC lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo kọ́kọ́ kó mẹ́ta lọ, torí n kò lè ti ṣọ́ọ̀bù mi.

Ibòmíràn tí mo ti dé, wọ́n á gba fóònù lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á tẹ gbogbo ẹ̀ wàràwàrà, wọ́n á ní kó o mówó wá. Ọmọkùnrin tó wà níbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé fóònù lé èyí tó kéré jù nínú wọn lọ́wọ́, ọmọ ọdún 19, ó ní kó tẹ orúkọ ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n. Ìka tó ń gbabẹ́rẹ́ kọjá lára léèsì láìwojú ẹ̀, òun ló ń wá lẹ́tà kiri yìí. Mo nawọ́ kí n ràn án lọ́wọ́.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Òun ló máa dìbò.”

Mo panu mọ́. Nígbà tó kan ọmọ iṣẹ́ mi láti mú ibùdó ìdìbò, ó yíjú sí mi, ó ní wọ́ọ̀dù wo la wà. Ó ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, a ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù náà là á yé wọn pé wọ́n ṣì máa fẹsẹ̀ ara wọn lọ síbi tí INEC ti máa ya ojú wọn, tí wọ́n á gba ìtẹ̀ka wọn. INEC kì í gbowó. ₦200 tó gbà, owó ìwé tó tẹ̀ jáde ni.

Àmọ́ gúrúùpù WhatsApp ẹ̀ gan-an ló mú mi kọ èyí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣí IReV, níbi tí INEC ń kó àwòrán ìwé èsì ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan sí, kí wọ́n wo ìdìbò gómìnà tí a dì ní Ọ̀ṣun lọ́jọ́ 16 oṣù Keje, ọdún 2022. Àwọn ọmọ mi forí jọ sórí fóònù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, wọ́n ń ka nọ́ńbà tí wọ́n fi báírò kọ. Adélékè ní ìbò 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Ẹnì kan nínú gúrúùpù yọ ọ́: 28,344 ló fi lé. Ó pín in sí ibùdó ìdìbò 3,763 tó wà ní ìpínlẹ̀ wa. Ohun tó bọ́ sí ibùdó kan kò pé ìbò mẹ́jọ!

Àgbà wọn gbójú sókè, ó kà wá yíká. “Ọ̀gá, àwa mẹ́jọ rèé.”

N kò lè rán aṣọ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ń sọ pé ọ̀dọ́ òde òní kò bìkítà, irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n ni.

Ibi tó kù sí ni pé fídíò tí kò lórí tí kò nídìí àti pósítà olóṣèlú ti pọ̀ jù nínú gúrúùpù náà. Ó ń jẹ dátà àwọn ọmọ tí kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń rà á. Mo pe ọmọkùnrin náà, mo sọ fún un. Ó ti ń yọ wọ́n, kò tíì tán. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ náà ń pariwo, ẹ sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó lè gbọ́ ohun tó ń sọ.

Àgbà wọn yẹn, ọmọ ọdún 23 ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló ń béèrè nínú gúrúùpù nípa òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù lọ́dún 2018, tó já ọjọ́ orí ẹni tó lè du ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wálẹ̀ láti 30 sí 25. Mo rí i tó kọ 25 sẹ́yìn ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà, ó fàlà sábẹ́ ẹ̀.

Mẹ́rin ló kù. Sátidé ni mo ń kó wọn lọ, kó tó di aago mẹ́sàn-án tí èrò máa ń pọ̀.