Ilẹ̀kùn irin China àbí ilẹ̀kùn ìrókò: èwo ló yẹ yàrá aláìsàn ọpọlọ?

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ilẹ̀kùn, ìkúùkù ni wọ́n á kọ́kọ́ fi lu ilẹ̀kùn irin níṣojú yín: “Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún, irin ni!” Èmi náà gbọ́ dídún yẹn, mo sì ra mẹ́fà sí ilé ìtọ́jú kékeré tí à ń bójú tó n'Íbàdàn. Ìgbà tó yá ni mo gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn ìrókò fún káfíńtà.

Ẹ má fetí dán ilẹ̀kùn wò. Ọ̀pọ̀ irin China ọjà wa, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni, bébà tó rí bí afárá oyin ló wà láàárín. Ní Yúróòpù, àpò 30 kg ni wọ́n ń so rọ̀ tí wọ́n á jẹ́ kó fì wá gbá ilẹ̀kùn. Ìpele tó le jù, bí ẹni gbé e ga tó 60 cm ni. Àwa náà rọ iyanrìn sápò, a fì í. Irin tẹ̀ wọnú bí agolo mílíìkì, ahọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì wọlé mọ́. Ìrókò tó nípọn tó 44 mm kàn bó lára díẹ̀ ni, férémù ló mì. Nítorí náà, ẹ wo férémù pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí gan-an ló jẹ mí lówó. Inú yàrá ni onírin wa ń ṣí sí. Lóru ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan tí ẹ̀rù ń bà fi bẹ́ẹ̀dì ti ilẹ̀kùn látinú. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kò wúlò. A bẹ̀ ẹ́ títí, wẹ́dà tí a lọ jí lójú oorun ló wá gé ilẹ̀kùn náà. Ariwo ẹ̀rọ ìgérin yẹn tún dá kún ẹ̀rù ọmọ náà. Kò fara pa, àmọ́ odindi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ̀rọ̀.

Ti ìrókò kò ní hínjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin kékeré inú ilẹ̀ àti ti òkè férémù ló ń yí lé, ìdènà kan ni kì í jẹ́ kó ṣí síta. Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, nọ́ọ̀sì á fi kọ́kọ́rọ́ tú ìdènà láti ìta, yóò sì fa ilẹ̀kùn síta. A fi bẹ́ẹ̀dì tì í, a wo aago: kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ ní kí ọlọ́jà ṣe é lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ọwọ́ ilẹ̀kùn: èyí tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, tí nǹkan kò lè há sí. Ariwo: irin ń dún bí ìbọn létí ẹni tí kò rí oorun sùn. Iná: ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí, méjèèjì tí mo rà, kò sí èyí tó ní in. Owó: ìrókò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, bí a kò bá ka owó wẹ́dà.

Méjèèjì ló ní ibi tó wúlò sí, n kò gbè sẹ́yìn ọ̀kan. Nínú mẹ́fà tí mo rà, ọ̀kan ṣì wà nílé jẹnẹrétọ̀, ó sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀.