Mímí láyà àbí mímí níkùn: èwo ló san jù?

Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ọkàn ò bá balẹ̀, èémí á di kúkúrú, àyà àti èjìká nìkan ni yóò máa lọ sókè sódò. Òfò sì wà níbẹ̀: nínú nǹkan bí 500 mílílítà afẹ́fẹ́ tí à ń fà símú lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí 150 kì í dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí èémí bá ṣe kúrú tó ni ìpín tó ń ṣòfò ṣe ń pọ̀ tó.

Ti ikùn yàtọ̀. Gbé ọwọ́ lé ikùn. Bí o bá fa èémí sínú, ọwọ́ náà á gbéra. Ìgbà 6 péré láàárín ìṣẹ́jú kan ti tó. Bí o bá rọra ń mí síta, ọkàn á dín ìlù rẹ̀ kù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà lè wálẹ̀ díẹ̀ (ẹ má torí ẹ̀ pa oògùn tì o). Àmọ́ kí ó falẹ̀: fífa èémí ńlá léraléra, kíákíá kíákíá, máa ń fa òòyì, ọmọ ìka á sì máa ta bí abẹ́rẹ́.

Ẹni tó ń sáré, èémí kíákíá ló bá a mu. Lórí àga tàbí ibùsùn, ti ikùn ni mo fara mọ́.